Olórin ni Bàbá Sàlá o!

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Inú ń bí mi, n ò sì lè pa á mọ́ra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lórí rédíò kan tí n kò ní dárúkọ, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń ṣàlàyé ta ni Olóògbé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá wa. Férémù awò tí kò ní dígí, aago tábìlì tó so mọ́ ọwọ́, táì tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀: ó ka gbogbo wọn, ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí. Nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan pè wọlé pé olórin ni ọkùnrin náà kó tó di aláwàdà, ó ní, "Bàbá, ẹ ti ṣi èèyàn mú." Ló bá gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Ta ló ṣi èèyàn mú? Olórin ni Bàbá Sàlá! Ẹgbẹ́ highlife tó dá sílẹ̀ ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies, ibẹ̀ ni Sunny Adé wà kó tó lọ dá Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Ọba lónìí, ọmọ ẹgbẹ́ lábẹ́ Bàbá Sàlá ni nígbà kan. Ṣé èyí kò tó ọ̀rọ̀ tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yóò mọ̀ kó tó jókòó sídìí máíkù?

Ẹni tó bá sì wo eré rẹ̀ dáadáa kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè. Ẹ ò rí bó ṣe máa ń dákẹ́? Ẹlòmíràn á sọ̀rọ̀ sí i, yóò wò ó láti òkè délẹ̀, yóò tún wo aago ọwọ́ rẹ̀, ìgbà tí ẹ bá rò pé kò ní fèsì mọ́ ni yóò tó ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìlù kò lè mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Lójú tèmi, orin ló kọ́ ọ.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Nígbà tí Hubert Ògúndé, àgbà òṣèré orí ìtàgé, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1945, African Music Research Party ló pè é. Orin ló wà nínú orúkọ. Eré orí ìtàgé wa àtijọ́ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láìsí orin ìjúbà.

Ìbéèrè mi sí àwọn ọ̀gá tó wà nídìí àṣà àti tẹlifíṣàn rèé: téèpù eré Aláwàdà, ẹgbẹ́ òṣèré Bàbá Sàlá, dà? Ní Ìbàdàn ni wọ́n ti dá iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV sílẹ̀ ní 1959, a sì ń fi í yangàn títí dòní, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n gbé eré àtijọ́ jáde, ẹ óò gbọ́ àwáwí. Ẹnìkan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tẹlifíṣàn sọ fún mi pé nígbà tí téèpù wọ́n, ìròyìn ni wọ́n máa ń gbà lé eré lórí. Ó gbà á lórí, ó sì tán! Olè ló da fídíò Ọ̀run Móoru, fíìmù Bàbá Sàlá, sígboro, tí owó tó ná sórí rẹ̀ fi wọmi. Èyí tí olè kò rí jí, àwọn aláṣẹ jẹ́ kó jẹrà.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Àwo orin àti kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Sàlá ṣì wà lábẹ́ ibùsùn àwọn àgbà ní Iléṣà, ní Ìbàdàn, ní Èkó. Kí ìjọba rán ẹni tó mọ ẹ̀rọ àwo lò lọ bá wọn nílé. Kó dà á kọ níbẹ̀, lójú ẹni tó ni ín, kó sì dá a padà fún un kó tó kúrò. N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó àwo lọ sí ọ́fíìsì o, torí a mọ ohun tí eku ń ṣe níbẹ̀. Kó béèrè ta ló ta gìtá, ta ló fọn fèrè, kó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kí ẹ̀dà kan wà ní yunifásítì, òmíràn ní ilé ìkàwé ìjọba, kí ìdílé bàbá sì máa gba ẹ̀tọ́ wọn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbé e sáfẹ́fẹ́. Kí wọ́n má gbé ìgbìmọ̀ dìde. Ìgbìmọ̀ á jẹun, á lọ.

Kí wọ́n kọ́ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ níṣẹ́. Kí wọ́n fi ìtàn Bàbá Sàlá olórin sínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé náà.

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2018 ni Bàbá Sàlá kú, gbogbo olóṣèlú ló ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn. Owó tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán ara wọn sára pátákó lójú títì fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ó ju owó ẹ̀rọ tí mò ń sọ yìí lọ.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Iléṣà