Bí ẹ bá ti ibùdó ìsinmi ìlera dé, ìkòkò ọbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Àṣà dáadáa táwọn èèyàn ń kọ́ ní ibùdó ìsinmi ìlera kì í pẹ́ bàjẹ́ tí wọ́n bá ti padà sílé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Ní ibùdó náà, ẹlòmíràn ló ń dáná fún wọn. Nílé, ìkòkò kan náà ni tọmọdé tàgbà ń jẹ.

Kúùbù, ìyẹn mágí tí à ń fi sọ́bẹ̀, ló léwu jù. Nǹkan bí ìlàjì rẹ̀ ni iyọ̀: ẹyọ kan tó wọn gíráàmù 4 ní bíi gíráàmù 2 iyọ̀ nínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan. Ẹ má yọ ọ́ kúrò lójijì o, ará ilé yóò kọ ọbẹ̀ náà. Ẹ dín ẹyọ kan kù lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ dín òmíràn kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi àlùbọ́sà, atalẹ̀, áyù àti irú dípò rẹ̀ (irú tí wọn ò da iyọ̀ sí ni kí ẹ rà). Ahọ́n á mọ́ ọn lára.

Ní ti ìrìn, ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ 5 láàárín ọ̀sẹ̀ tó. Ẹni tó ń gun zémidjan (ọ̀kadà) lọ sọ́jà Ouando lè sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ku ìrìn ìṣẹ́jú 15. Àlọ àti àbọ̀ ti di 30.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín torí pé ìfúnpá wálẹ̀. Oògùn náà lè wà lára ohun tó mú un wálẹ̀. Dókítà ni kó pinnu.

Àwa òǹkàwé yín, Àjàṣẹ́.