Kì í ṣe gílóòbù ló bàjẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dá gílóòbù Wi-Fi, iná tí à ń fi fóònù tàn, padà fún ẹni tó tà á pé ó ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ráútà, àpótí tó ń pín Wi-Fi káàkiri ilé, ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Púpọ̀ nínú gílóòbù wọ̀nyí kò lè lo ju 2.4 GHz lọ nínú àwọn ìgbì rédíò tí ráútà ń lò. Bí ráútà bá fi orúkọ kan náà pe 2.4 àti 5 GHz, fóònù lè wà lórí 5, kí gílóòbù máa wá a tì. Ẹ pa 5 GHz lórí ráútà títí gílóòbù yóò fi wọlé, kí ẹ tó tan án padà. Bí ààbò Wi-Fi lórí ráútà bá wà lórí WPA3 (irú ààbò tuntun) nìkan, ẹ yí i sí WPA2 (èyí tó ṣáájú rẹ̀). Ẹ má sì so gílóòbù mọ́ Wi-Fi àlejò, èyí tí ráútà yà sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò, o: ọ̀pọ̀ ráútà kì í jẹ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ rí ara wọn.

Bó bá wọlé tán tó ń já, ẹ fi 2.4 GHz sí ṣánẹ́ẹ̀lì (ọ̀nà tí ìgbì náà ń gbà) 1, 6 tàbí 11, èyí tí ráútà aládùúgbò kò pọ̀ sí. Ẹni tó bá pààrọ̀ ráútà, kó fún tuntun ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù ti àtijọ́ gẹ́lẹ́, títí dórí lẹ́tà ńlá àti kékeré, kí gílóòbù lè dá a mọ̀.