Àṣàkẹ́, má tíì gbé e lọ sọ́jà

Ìlọrin

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà níbẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ kò pa yín lára jù? Àwa níbí ń dúpẹ́ fún Ọlọ́hun. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́.

Mo rí àwòrán tìmùtìmù tí o fi ránṣẹ́. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí mo fi rí ojú abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dára, ó dára gan-an ni. Àjákù ẹtù agbádá bàbá àgbà rẹ tí o tò ti àlàárì pupa yẹn, wọ́n bára mu bí ẹni pé láti ibi òfì ni wọ́n ti jọ ń bọ̀. O wá ní àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ń sọ pé kí o máa tà á, pé kí o fún un lórúkọ, kí o sì ṣí ojú ewé fún un lórí Instagram. O ní kí n sọ tèmi. Tèmi ni pé, má tíì tà á.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí o má baà rò pé mo fẹ́ dí ọ lọ́nà oúnjẹ. Òwò ni wọ́n fi tọ́ mi, owó òwò ni a fi rán ìwọ náà nílé ìwé. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, kò sí ẹni tó máa jà á níyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń lé ìṣẹ́ lọ ti wà lọ́wọ́ rẹ, òun lo ń jí lọ sí láàárọ̀. Èyí tí o ń ṣe lálẹ́ lẹ́yìn ìrun ìṣà, tí o bá ti jẹun tán tí o sì jókòó ti àtùpà, ìsinmi rẹ ni. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ sí mi pé tí o bá ti mú abẹ́rẹ́, gbogbo ohun tí ọ̀gá sọ lójúmọ́ á kúrò lọ́kàn rẹ. Ọjọ́ tí oníbàárà bá ti wọ ọ̀rọ̀ náà, òun ni yóò yan àwọ̀, òun ni yóò dá ọjọ́, òun ni yóò sì máa pè ọ́ nígbà tí o bá ń jẹun pé níbo lo bá a dé. Níbo lo máa wá sá lọ nígbà náà tí ara bá ń ro ọ́?

Ayé ìsinsìnyí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ṣe nǹkan kó sinmi. Ọmọ din chin-chin fún àlejò, wọ́n á ní kó lọ tẹ orúkọ sára ọ̀rá. Ó di irun ọmọ rẹ̀, wọ́n á ní kó gba ṣọ́ọ̀bù. Owó dára, mo tún un sọ. Àmọ́ ilé làbọ̀ ìsinmi oko, bí o bá sì sọ ilé di oko, ibi àbọ̀ ti tán nìyẹn.

Ìyá tó bí ìyá mi, ará Òró ni, ó sì mọ kíjìpá í hun. O kò bá a láyé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ bí òfì rẹ̀ ṣe rí, torí ohun kan wà níbẹ̀ tó kàn ọ́. Òfì tí o mọ̀ ní Ìlọrin, èyí tí àwọn ọkùnrin ń jókòó sí, òwú rẹ̀ máa ń ta gbọọrọ síwájú. Wọ́n á fi ẹrù wúwo fà á le lọ́hùn-ún, nítorí náà ìta tàbí abẹ́ àtíbàbà ló gbà á. Aṣọ tó ń jáde níbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí ínṣì 4 ní ìbú, wọ́n á wá rán an mọ́ra kó tó di ìró tàbí agbádá. Ti kíjìpá kò rí bẹ́ẹ̀. Òòró ló dúró, ó fara ti ògiri nínú yàrá, aṣọ rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé awẹ́ méjì mẹ́ta ti tó láti fi ṣe ìró. Bí ọmọ bá ké, ìyá àgbà á dìde. Bí ọbẹ̀ bá hó, á lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Òwú á ṣì wà níbi tó fi í sí, kò ní dí, kò ní tú. Wọ́n ṣe òfì náà kó bá ìgbésí ayé ẹni tó ní ilé tó ń tọ́jú mu.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí o máa mú: èyí tó ṣeé gbé kalẹ̀ nígbàkigbà láìbàjẹ́. Rírán ṣeé gbé kalẹ̀. Kíróṣè ṣeé gbé kalẹ̀, àpò lásán lo máa kó o sí. Ṣùgbọ́n ọṣẹ dúdú tí o bèèrè, fi í sílẹ̀ ná. Omi eérú rẹ̀ máa ń bó ara, àti pé tí àdí bá ti wà lórí iná, rírò ni o, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ilé ìdáná yàrá àdágbé kò gbà á. Tí o bá wálé, a ó jọ sè é ní ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀rọ̀ àmù. O ní o fẹ́ fi ọ̀dà aláwọ̀ búlúù kun àmù tí mo rà fún ọ kó lè bá kọ́tìnì mu. Jọ̀wọ́, má kùn ún. Ohun tó ń mú omi inú rẹ̀ tutù ni pé amọ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Omi ń rọra gba ibẹ̀ yọ sí ara rẹ̀ lóde, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ gbẹ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń kó ooru omi inú lọ. Ìdí nìyẹn tí ara àmù fi máa ń ní ìrì. Tí o bá kùn ún lọ́dà, o ti dí gbogbo ihò yẹn pa, omi rẹ á lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti inú kẹ́ẹ̀gì. Gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kó má sí nínú oòrùn. Tó bá pẹ́ tí kò tutù mọ́, fi kànrìnkàn àti omi lásán fọ ara rẹ̀, má fi ọṣẹ kàn án, torí amọ̀ á mu ọṣẹ náà, á sì máa pọ̀ ọ́ sínú omi fún ọ.

Tí o bá fẹ́ kó lẹ́wà, ṣe òṣùká fún ìdí rẹ̀. Ya àwọn ánkárá tó ti gbó sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, dì wọ́n ní mẹ́ta mẹ́ta bí ẹni di irun, ká a yípo, kí o sì fi abẹ́rẹ́ kan ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì. Aṣọ tí o fẹ́ sọ nù á di ohun tí àlejò á máa bèèrè. Nígbà tí o bá wá, màá mú ọ lọ sí ebu àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dada, ní Òkèlélé. Wọn kì í lo ẹ̀rọ tó ń yí. Ọwọ́ wọn, amọ̀ àti ìkòkò ògbólógbòó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá máa fi amọ̀ kún un títí dé ẹnu. Mo fẹ́ kí o wo bí obìnrin kan ṣe ń fi aṣọ tútù yí ẹnu ìkòkò po kó lè dán, tí kò sì wo ọwọ́ rẹ̀ rárá.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ tìmùtìmù yẹn, torí mo rí igun kan nínú àwòrán tó ti fẹ́ máa tú. Etí aṣọ òfì, níbi tí òwú ti ń yí padà nígbà tí wọ́n ń hun ún, kì í tú. Ibi tí àlùmọ́gàjí bá kàn ni í tú. Nítorí náà, kí o tó gé e, kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ rán ìlà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o wá gé e láàárín ìlà méjèèjì. Tí o bá ń so awẹ́ kan mọ́ èkejì, etí sí etí ni kí o rán an, kí ojú abẹ́rẹ́ kéré, má fa òwú le jù kí aṣọ má baà ká jọ. Ánkárá tí o fẹ́ fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, rẹ ẹ́ sómi, sá a gbẹ, kó ti sún kì tán kí o tó gé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí o bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ẹ̀yìn á fà, iwájú á wú. Ẹtù àti àlàárì yẹn, má rì wọ́n sómi o, àwọ̀ ọ̀kan á lọ bá èkejì. Gbọn eruku rẹ̀, fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún, ó ti tó. Àwọn aṣọ òfì òde òní tó ń dán, ọ̀rá wà nínú òwú wọn, áyọ́ọ̀nù gbígbóná á yọ́ ọ.

Má ra fóòmù kún un mọ́. Òwú àràbà ni kí o kó sínú rẹ̀. Kì í tètè mu omi, bí o bá sì sá a sóòrùn, á tún wú bíi tuntun. Kàn fi aṣọ bo imú nígbà tí o bá ń kó o, torí fífò ló máa ń fò káàkiri ilé.

Ọkọ rẹ náà kò gbọdọ̀ jókòó kó máa wo ọ́. Má jẹ́ kó sọ pé abẹ́rẹ́ ti obìnrin ni, torí ní Ìlọrin níbí, ọkùnrin ló ń hun aṣọ òfì, ọkùnrin ló sì ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá látayébáyé. Àga onígi tí ẹ gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kó ha á fúnra rẹ̀. Kó wá ewé eépín, òun ni àwọn agbẹ́gilére fi ń dán igi kí pépà tó ń ha nǹkan tó dé. Ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ ń fọwọ́ ṣe nǹkan nínú yàrá kan, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí ẹ kì í lè sọ á máa jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi àti bàbá rẹ, ìdí ẹ̀gúsí bíbó ni a ti máa ń parí ìjà.

Ohun mìíràn tó jẹ́ kí n máa bẹ̀ ọ́ nípa ọjà yìí ni ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ lántànà. Òkúta pupa ni. Àwọn tó ń ṣe é gbé iṣẹ́ náà wá sí Ìlọrin láti Ọ̀yọ́-Ilé nígbà tí ìlú yẹn tú ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840. Wọ́n á lu òkúta líle náà jáde láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, wọ́n á sì máa yún un lórí òkúta mìíràn títí á fi máa dán. Iṣẹ́ sùúrù ni, àwọn ọba àti olówó ló ń rà á. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ òyìnbó tó pọ̀ rẹpẹtẹ wọ ọjà, oníbàárà lọ, iṣẹ́ náà sì lọ. Mo máa ń rò ó pé ká ní àwọn ilé kan wà tí wọ́n ń ṣe é sọ́rùn àwọn ọmọbìnrin wọn, yálà ẹnikẹ́ni rà tàbí kò rà, ọwọ́ kan ì bá ṣì mọ̀ ọ́n lónìí. Ó dùn mí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ tí tìmùtìmù bá kúrò lójú ayé ni ìwọ náà á ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Bí ọjọ́ kan bá dé tí o fẹ́ tà lóòótọ́, tà á, màá ṣe àdúà sí i. Ṣùgbọ́n yà á sọ́tọ̀: fi irú iṣẹ́ ọwọ́ kan sílẹ̀ tí owó kò ní mọ̀. Ní báyìí, tí wọ́n bá ní wọ́n fẹ́ rà, ṣe ọ̀kan fún ìyá ọkọ rẹ ná, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì í. Má dá iye tí o gbọ́dọ̀ ṣe lọ́sẹ̀ fún ara rẹ. Alẹ́ tí ó bá rẹ̀ ọ́, sùn.

Kí o sì kó àwọn àwo aláwọ̀ ewé yẹn jáde nínú páálí. Ta lo ń tọ́jú wọn dè? Ọkọ rẹ àti ìwọ lẹ ni ilé. Ẹ máa bu àmàlà àti gbẹ̀gìrì yín sínú wọn lọ́jọ́ Àtàláátà lásán. Nígbà tí o wà lọ́mọdé, tí mo bá fi ewé tuntun bo wàrà lórí àwo kí n tó gbé e fún yín, mi ò ṣe é fún àlejò kankan.

Tí ẹ bá wálé fún Iléyá, ẹ fi ọjọ́ kan kún un. Mo fẹ́ ká lọ sí Èsìẹ́, sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀. Wo irun orí wọn dáadáa, bí wọ́n ṣe fín in ní ìlà wẹ́wẹ́. O lè mú bébà dání kí o ya ọnà kan tó bá wù ọ́, á dára lára ìrọ̀rí.

Ọmọ àbúrò mi tó ń wakọ̀ á gbé òwú àràbà àpò kan bọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì. Wọn ojú fèrèsé yàrá yín, òòró àti ìbú, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kó tó kúrò níbí, torí mo ní kíjìpá ìyá àgbà awẹ́ kan níbí tí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa tó o.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Ọlọ́hun á ṣọ́ yín.

Èmi ni, ìyá rẹ