Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹni Tó Jókòó Sábẹ́ Igi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Ìdámẹ́wàá ni mo ti kọ̀wé lé lórí fún ọ̀sẹ̀ yìí. Ó lè dúró. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ronú láti pa ara rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ ṣí Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19, ẹsẹ 3 sí 8.

Èlíjà tí a ń wí yìí, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀run bọ̀ nítorí àdúrà rẹ̀ ni. Ọ̀dá ti kásẹ̀ nílẹ̀, òjò ti rọ̀. Orí tó tẹ̀ lé e ló ti jókòó sábẹ́ igi júnípérì, tó ń tọrọ ikú: “Ó tó, nísinsìnyí, Olúwa, gba ẹ̀mí mi kúrò.” Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún mi nípa ẹni tó lọ náà pé, “Ṣebí ó ṣì gbàdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣebí ó ń rẹ́rìn-ín.”

Ẹ tún ẹsẹ 3 kà. Ó fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Beerṣeba, ó dá wọ aginjù. Ó kọ́kọ́ kúrò níbi tí ojú ti lè tó o. Ó wá ní òun kò sàn ju àwọn baba òun lọ. Ó sùn, áńgẹ́lì jí i, ó jẹun, ó tún sùn. Láàárín wa ńkọ́? Ẹni tí orin jẹ́ ayọ̀ rẹ̀ kò yọjú síbi ìdánrawò mọ́. Oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ń ní, “Ara á tù yín tí mi ò bá sí mọ́.” Ó ń pín aṣọ àti bàtà fúnni láìsí ìdí. Èyí tó ń tàn wá jẹ jù ni ti ẹni tó ti rẹ̀wẹ̀sì pẹ́, tí ara rẹ̀ ṣàdédé balẹ̀, tó ń lọ kí kálukú nílé. A ó ní àdúrà ti gbà. Nígbà mìíràn, ó ti pinnu ni.

Kí la wá ń sọ? “Ọ̀lẹ ni.” “Ẹni tó máa kú kì í sọ.” Irọ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn ló ń sọ, etí wa ló di. Ẹlòmíràn yáwó lórí fóònù, àwọn ayánilówó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri, àwọn kan nínú ìjọ yìí sì tún ń fi í ránṣẹ́ síwájú. Ẹ mọ ara yín. Àgbà tún lanu, ó ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹni tí ẹ̀sín ti bá là ń sọ ìyẹn fún? Ẹ̀yin tó sì ń dá ẹjọ́ ọ̀run lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ẹsẹ tí áńgẹ́lì ti bá Èlíjà wí hàn mí. Oúnjẹ ló gbé wá, àkàrà lórí ògúnná àti omi nínú orù. Ó tún padà wá lẹ́ẹ̀kejì: “Dìde, jẹun, nítorí ọ̀nà náà jìn fún ọ.”

Abẹ́òkúta là ń gbé, a sì ń fi Àrò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà níbẹ̀, bú ara wa! Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ìtòsí ibẹ̀. Nígbà náà, ẹbí á tẹ̀ lé aláìsàn wá, á máa dáná fún un, á sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ẹni tí ojú bá ń tì láti dá lọ sí Àrò báyìí, èmi á bá a lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bi í gbangba: “Ṣé ò ń rò ó láti pa ara rẹ?” Ìbéèrè yẹn kọ́ ló máa gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó oògùn àti apakòkòrò kúrò nílé, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ máa gbàdúrà lọ lọ́nà. Tó bá jẹ́ ìwọ tó ń kà á ni, ọmọ mi, pè mí, ìbáà jẹ́ òru. Mi ò ní wàásù.

Ìkéde: Ìpàdé Ìyá Ìjọ di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin. Owó epo jẹnẹrétọ̀ kò tíì pé. Ẹ dá àga oníke ìjọ padà kó tó di Sátidé. Kò sí ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́rú. Ilé tí gbogbo wa mọ̀ la ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Ẹ gbé oúnjẹ dání.