Ẹ fi ogún ìṣẹ́jú kún àṣekágbá Challenge Cup bí ọ̀mì bá wà

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìwé ìròyìn Yorùbá máa ń ya àyè sọ́tọ̀ fún rugby league, ìyẹn rugby tí ẹni 13 ń gbá ní ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà inú mi dùn gidigidi nígbà tí ẹ tẹ lẹ́tà òǹkàwé kan jáde nípa Challenge Cup ọdún 2023, ife àjákú-akátá rugby league ní Íńgíláǹdì. Ibi tí lẹ́tà náà parí sí ni n kò fara mọ́. Òǹkàwé yẹn ní kò sí ọ̀nà tó dára ju golden point (kí ẹni tó bá kọ́kọ́ gba àmì lẹ́yìn àkókò eré borí) lọ láti fi ya ikọ̀ méjì tó bá ta ọ̀mì nínú ìdíje àjákú-akátá. Èmi gbà pé ó bójú mu ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀. Ní àṣekágbá ní Wembley, pápá ńlá Lọ́ńdọ̀nù, kò tọ́ rárá, ó sì yẹ kí àjọ RFL tó ń darí eré náà mú un kúrò níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé rugby oníkẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni èyí tó pọ̀ jù lára wa mọ̀ nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ̀ oníkẹ́tàlá Nàìjíríà ti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn nílùú Èkó lọ́dún 2019, tí wọ́n na Mòrókò ní àṣekágbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin rẹ̀ ní ṣókí. Ìṣẹ́jú 80 ni wọ́n fi ń gbá a. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà òpó alátakò tó sì fi í kanlẹ̀ ti gba try, àmì 4 nìyẹn, ikọ̀ rẹ̀ á sì tún láǹfààní láti gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó fún àmì 2. Pẹ́nátì tí wọ́n bá gbá wọlé jẹ́ àmì 2. Drop goal, èyí tí wọ́n ń gbá nígbà tí eré ṣì ń lọ lọ́wọ́, jẹ́ àmì 1 péré. Ikọ̀ tó bá ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní ìdìmú mẹ́fà. Bí alátakò bá dì wọ́n mú lẹ́ẹ̀mẹfà, bọ́ọ̀lù ti di ti ẹlòmíràn. Ní ti golden point, bí ìṣẹ́jú 80 bá parí tí ọ̀mì wà, ẹni àkọ́kọ́ tó bá gba àmì kankan, kó jẹ́ try, kó jẹ́ pẹ́nátì, kó jẹ́ drop goal, òun ló borí, eré sì parí lójú ẹsẹ̀.

Ọdún 2023 gan-an ló fi ìṣòro yìí hàn. Ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Leigh Leopards na St Helens 12-10 ní Warrington lọ́jọ́ 22 oṣù Keje. Lọ́jọ́ kejì, ní pápá Headingley nílùú Leeds, Hull KR àti Wigan ta ọ̀mì 10-10 títí ìṣẹ́jú 80 fi pé, kí Brad Schneider tó gbá drop goal tó sọ ọ́ di 11-10. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ, Leigh àti Hull KR pàdé ní Wembley. Leigh ló ń ṣíwájú nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí. Matt Parcell gba try fún Hull KR, Schneider gbá ti ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, ó di 16-16. Wọ́n bọ́ sí golden point, Lachlan Lam gbá drop goal kan, 17-16, ife ti di ti Leigh. Lam yìí kan náà ló gba ẹ̀bùn Lance Todd Trophy, èyí tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá ta yọ jù lọ ní àṣekágbá. Bàbá rẹ̀, Adrian Lam, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ náà.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni gba ife lọ́wọ́ Leigh. Wọ́n gbá eré tó dára, òfin tí wọ́n bá nílẹ̀ sì ni wọ́n fi borí. Ikọ̀ tó jẹ́ pé líìgì ìpele kejì ni wọ́n wà lọ́dún 2022, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, tí wọ́n kò tíì tún fọwọ́ kan ife yìí láti ìgbà tí wọ́n na Leeds 24-7 lọ́dún 1971, ó tọ́ kí gbogbo ìlú wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Hull KR náà, tí wọn kò rí ife yìí gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà náà, ìyẹn lọ́dún 1980 tí wọ́n na Hull FC aládùúgbò wọn 10-5. Wọ́n fi ìgbìyànjú ńlá mú ọ̀mì wá ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo sì pa á rẹ́ láì sí pé wọ́n láǹfààní láti dáhùn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ń ta ko òfin yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbá drop goal. Bí ikọ̀ kan bá ti dé nǹkan bíi mítà 30 sí ìlà òpó, kì í wá ọ̀nà try mọ́. Wọ́n á fi ìdìmú kan tàbí méjì gbé bọ́ọ̀lù wá síwájú òpó gan-an, kí igun tí wọ́n á ti gbá a lè ṣí. Olùgbá á sẹ́yìn tó mítà 10 sí 15 lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti dì wọ́n mú. Ẹni tí wọ́n dì mú á dìde, á fi ẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, agbábọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì ju ú sí olùgbá ní ìgbáyà. Olùgbá á jẹ́ kí bọ́ọ̀lù já bọ́ sílẹ̀ lórí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, á sì gbá a bó ṣe ń ta sókè, kó lè gba orí ọ̀pá ìdábùú tó ga ní mítà 3, láàárín òpó méjì tó jìnnà síra ní mítà 5.5.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń yá kánkán. Mítà 10 ni àwọn alátakò tó kù gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn, àmọ́ àwọn méjì tó ń ṣọ́ ibi ìdìmú dúró níbẹ̀ gan-an, wọ́n á sì sáré lọ bo olùgbá mọ́lẹ̀. Ìjù tó bá balẹ̀ sí orúnkún olùgbá ti jí àkókò rẹ̀ lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá fi ẹ̀gbẹ́ balẹ̀ dípò ṣóńṣó rẹ̀, á fò gba ibi tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Olùgbá tó bá fara sẹ́yìn jù nítorí ẹni tó ń sáré bọ̀ á gbá a lọ sókè láì lágbára síwájú. Ó gba ọgbọ́n, n kò sọ pé kò gba ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ló ń gbá a, àwọn 12 yòókù ń wò.

Nínú golden point, gbogbo ètò ikọ̀ méjèèjì á wá sórí èyí nìkan. Wọ́n á ju owó ẹyọ láti mọ ẹni tó máa gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbà á á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 20 sí ìlà tirẹ̀. Bí wọ́n bá rìn tó mítà 8 sí 10 ní ìdìmú kọ̀ọ̀kan, ìdìmú karùn-ún á bá wọn nítòsí àárín pápá, ó jìnnà díẹ̀ fún drop goal. Pẹ́nátì kan ṣoṣo lè gbé wọn dé ibi tí wọ́n ti lè gbá a. Bákan náà ni bí rẹfirí bá ní kí wọ́n tún mẹ́fà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé alátakò pẹ́ lórí ẹni tó dì mú. Nítorí náà, fèrè rẹfirí lórí ohun kékeré tó jẹ́ pé ní ìṣẹ́jú 20 kò ní ju kí wọ́n sún síwájú díẹ̀ lọ, á wá di ohun tó ń pín ife. Rẹfirí náà mọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì gbé fèrè pa mọ́. Àwọn tó ń dìmú á wá dùbúlẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù bó ṣe wù wọ́n. Eré tí a fi 80 ìṣẹ́jú wò kọ́ ni a ń wò mọ́ nígbà yẹn.

Ohun kan wà tí lẹ́tà òǹkàwé yín kò mẹ́nu bà rárá. Ní Íńgíláǹdì, àmì 2 ni drop goal jẹ́ títí di ọdún 1974, kí wọ́n tó dín in kù sí 1. Ní ọdún 1983, wọ́n gbé try láti 3 lọ sí 4. Ìgbésẹ̀ méjèèjì kò ní ìtumọ̀ méjì: àwọn tó ni eré fẹ́ kí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà jèrè ju ẹni tó dúró lókèèrè gbá a lọ. Golden point ti yí ìpinnu yẹn po. Ohun tó kéré jù lọ nínú ìwé òfin ló wá ń tó ife gbogbo. Kì í sì ṣe Wembley nìkan ló ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, drop goal Stephen Crichton ló fi Samoa na Íńgíláǹdì 27-26 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá ife àgbáyé, ní pápá Arsenal nílùú Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹlòmíràn lè sọ pé bọ́ọ̀lù gbígbá gba òpó kì í ṣe ohun àjèjì ní àṣekágbá. Òótọ́ ni. Lọ́dún 1968, nínú òjò tó bo Wembley mọ́lẹ̀, Wakefield gba try sábẹ́ òpó ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, Leeds ṣì ń ṣíwájú 11-10, Don Fox ti Wakefield sì ní bọ́ọ̀lù kan níwájú òpó gan-an tó máa gbà wọ́n là. Ó gbá a sí ẹ̀gbẹ́. Ọkùnrin yìí ni wọ́n ti yàn fún Lance Todd Trophy lọ́jọ́ náà. Ó dunni, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ní kò tọ́, nítorí try ló bí àǹfààní yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2025, tí Warrington ń ṣíwájú Hull KR 6-2. Ó kù ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí, Tom Davies gba try, ó di 6-6, Mikey Lewis sì gbá ti ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, 8-6. Hull KR gba ife lẹ́yìn ọdún 45. Ẹ fi èyí wé 2023: lọ́tẹ̀ yìí, ikọ̀ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá ìlà kí ẹsẹ̀ olùgbá tó ṣe ìdájọ́. Àpẹẹrẹ mìíràn ni ọdún 2016, nígbà tí Danny Houghton ti Hull FC já bọ́ọ̀lù gbà kúrò lọ́wọ́ Ben Currie ti Warrington lórí ìlà òpó ní ìparí eré, tí eré fi parí ní 12-10 fún Hull FC. Ìdìmú kan ló pín ife yẹn, èmi ò sì rí ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú eré yìí.

Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń tún àṣekágbá gbá ni. Lọ́dún 1954, Warrington àti Halifax ta ọ̀mì 4-4 ní Wembley, wọ́n tún un gbá ní Odsal, Bradford, níbi tí wọ́n ti ka èrò 102,569, Warrington sì borí 8-4. Lọ́dún 1982, Hull FC àti Widnes ta ọ̀mì 14-14, Hull gba àtúngbá náà 18-9 ní Elland Road. N kò bẹ̀bẹ̀ fún àtúngbá lónìí. Wembley kì í ṣófo, àwọn agbábọ́ọ̀lù ní eré Super League, líìgì tó ga jù lọ, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn olùwòran láti àríwá sì ti ná owó ọkọ̀ àti ilé ìtura lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ: ìṣẹ́jú 10 sí ẹ̀gbẹ́ kan, 10 sí èkejì, kí wọ́n sì gbá a tán pátápátá láìka iye àmì tó bá wọlé. Bí ẹnìkan bá gbá drop goal ní ìṣẹ́jú kejì, ẹnìkejì ṣì ní 18 láti fi try dáhùn. Bí ọ̀mì bá ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wá lo golden point, n kò ní jiyàn mọ́.

Ìbẹ̀rù tó wà ni pé á rẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù jù, wọ́n á sì farapa. Ìbẹ̀rù gidi ni, kí a má fojú kéré rẹ̀. Ẹni 17 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó wá, pààrọ̀ 8 ni òfin sì fàyè gbà nínú ìṣẹ́jú 80. Kí wọ́n fi pààrọ̀ 2 kún un fún ogún ìṣẹ́jú náà, kí àwọn ẹni ńláńlá iwájú lè sinmi, nítorí àwọn ló ń gba ìdìmú jù. Kí ẹni tí dókítà bá ní orí rẹ̀ kan nǹkan má ṣe padà sórí pápá, kí ẹlòmíràn sì rọ́pò rẹ̀ láìkà á mọ́ pààrọ̀. Àṣekágbá ẹ̀ẹ̀kan ló wà lọ́dún, ọ̀mì níbẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Ní ìpele ìsàlẹ̀, níbi tí ikọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní ọjọ́ Ajé ti ń gbá a, ẹ fi golden point sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìbéèrè kan ló kù tí mo ní fún ẹ̀yin Olóòtú. Bí ẹ bá tún gbé èsì rugby league jáde, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má kọ àpapọ̀ àmì nìkan. Ẹ kọ iye try, iye èyí tí wọ́n gbá wọlé lẹ́yìn try, iye pẹ́nátì àti iye drop goal fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ bóyá ìṣẹ́jú 80 ni eré náà parí sí tàbí ó rékọjá. Ìlà kan ṣoṣo tó fún gbogbo rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní àríwá Íńgíláǹdì