Ta ni ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun yẹ?

Èbúté-Mẹ́tta,
Èkó.
Oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀, mo sì kí ọkọ wa pẹ̀lú àwọn ọmọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn láti gbọ́ pé ara yín le ní Manchester, àti pé ẹ ń gbèrò láti ṣe ọjọ́ ìbí rẹ tó ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí yóò gbéra ní Southampton. O ní kí n sọ òótọ́ fún ọ, nítorí pé àwọn kan níbi iṣẹ́ rẹ ń sọ pé kò sí ìsinmi mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń búra pé bí wọ́n bá tilẹ̀ fún àwọn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Kò sí èké nínú ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì. Inú ilé mi ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀: èmi fẹ́ràn rẹ̀, bàbá àwọn ọmọ kórìíra rẹ̀, inú yàrá kan náà sì ni a jọ sùn sí nínú ọkọ̀ náà.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé owó ló fà á, tàbí ìbẹ̀rù omi. Mo mọ olówó tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ sétí, mo sì mọ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó ń tu owó jọ kí ó lè tún lọ. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ti Ìkòròdú wá síbi iṣẹ́ ní CMS láràárọ̀ kò bẹ̀rù omi, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní gbà kí o fi owó wọn ra irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Bí o bá bi mí, ohun tí ọkọ̀ yìí ń tà ni pé ẹlòmíràn yóò máa bá ọ ṣe ìpinnu: ibi tí o ó jí sí, ohun tí o ó jẹ, ìgbà tí o ó sọ̀kalẹ̀, ìgbà tí o ó padà. Ẹni tí ìpinnu ti sú yóò yọ̀ sí i. Ẹni tó jẹ́ pé ìpinnu yẹn gan-an ló ń gbádùn nínú ìrìn-àjò yóò máa wò ó pé wọ́n ti gba nǹkan òun lọ́wọ́ òun, wọ́n sì tún gba owó lé e.

Ìwọ náà kò tíì gbàgbé bí Èkó ṣe ń jí obìnrin. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti ronú lórí omi tí a ó fà, lórí díísù tó kù nínú jẹnẹrétọ̀, lórí bóyá kí n gba afárá Third Mainland tàbí kí n yà sí Carter, lórí ọbẹ̀ tí a ó sè àti iye tí wọ́n máa pe tàtàṣé ní Òyìngbò lọ́jọ́ náà. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀, ọmọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá wa fi ìwé kan lélẹ̀ lórí ibùsùn. Àkókò tí oòrùn yóò yọ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni orúkọ èbúté tí a ó jí sí, irú aṣọ tó yẹ kí a wọ̀ sí oúnjẹ alẹ́, eré tí wọn yóò ṣe, àti wákàtí tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti padà. Mo kà á tán, mo tún un kà, n kò rí ibì kankan tí wọ́n ti ní kí n wá nǹkan kan ṣe sí ọ̀rọ̀ kan. Mo pa iná, mo sì sùn fọnfọn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Orúnkún mi náà dúpẹ́. Bí o bá gba orí ilẹ̀ lọ sí ìlú mẹ́rin ní Yúróòpù, ìgbà mẹ́rin ni o ó di ẹrù, ìgbà mẹ́rin ni o ó tú u, tí o ó sì máa wọ́ báàgì káàkiri ibùdókọ̀. Nínú ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o ó tú ẹrù rẹ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí pé òru ni ọkọ̀ sábà máa ń fi rìn, tí yóò sì gúnlẹ̀ sí ìlú mìíràn láàárọ̀. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà fi pọ̀ níbẹ̀, títí kan àwọn tó ń tẹ ọ̀pá àti àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ìdílé tó ní ìyá àgbà àti ọmọ kékeré náà fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé oníkálukú lè gba ibi tó wù ú lọ ní ọ̀sán, kí wọ́n sì pàdé nídìí oúnjẹ alẹ́ láìsí ẹni tó wa mọ́tò. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba tún ní àǹfààní kan tí àwa kò ní: ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú irin dé Southampton, ẹ ó sì bọ́ sínú ọkọ̀ láìfojú kan pápákọ̀ òfurufú.

Àwọn àgbà wa kò lè lóye rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọ ọkọ̀ Aureol láti Apápá lọ sí Liverpool láti lọ kàwé. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ni, ọdún 1951 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a sì máa yà ní Freetown àti Las Palmas kí ó tó dé ọ̀hún lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Southampton tìrẹ yìí náà ló ń ná nígbà tó kúrò ní Liverpool ní ọdún 1972, títí wọ́n fi dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 1974, nítorí pé ọkọ̀ òfurufú ti gba gbogbo èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún bàbá náà pé a fẹ́ wọ ọkọ̀ tí yóò gbé wa ní Barcelona, tí yóò sì já wa sílẹ̀ ní Barcelona, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Kí wá ni ẹ ń lọ ṣe?” Ìbéèrè gidi ni. Ní ọdún 1891, nígbà òtútù tí èrò kì í pọ̀ lójú òkun Àtìláńtíìkì, Albert Ballin, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Hamburg, kò fẹ́ kí ọkọ̀ Augusta Victoria jókòó lásán, ló bá kó àwọn tó kàn fẹ́ gbafẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì rìn káàkiri òkun Mẹditaréníà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọkọ̀ tí kò rí èrò gbé di òwò nìyẹn, òwò náà kò sì kú mọ́.

Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí ni bàbá àwọn ọmọ gbà mọ́ wọn lẹ́nu nínú ọkọ̀. O mọ̀ wọ́n, aránṣọ ni wọ́n, lójú tiwọn ènìyàn kò tíì dé ìlú kan àfi bí ó bá bá ará ibẹ̀ náà ọjà. Yàrá tí a gbà kò ní fèrèsé, nítorí pé òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Bí a bá ti pa iná, a kò mọ̀ bóyá ọ̀sán ni tàbí òru, èyí kò sì tù wọ́n lára. Ìwé tí wọ́n fún wa kọ Róòmù, ṣùgbọ́n Civitavecchia ni ọkọ̀ dúró sí, èyí tó fi nǹkan bí kìlómítà 80 jìnnà sí Róòmù. Wọ́n ní ṣe ló dà bí ìgbà tí agbèrò ń ké “Ìbàdàn, Ìbàdàn”, tí wọ́n wá já èrò sílẹ̀ ní Ṣágámù. Nígbà tí a fi yọ àkókò àlọ àti àbọ̀ kúrò, ohun tó kù fún wa ní Róòmù kò tó kí ènìyàn ya fọ́tò kó sì mu omi.

Ní Naples ni ọ̀rọ̀ náà wá dùn wọ́n jù. A rìn wọ òpópónà tóóró kan, wọ́n rí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, wọ́n sì yà wọlé láìbi mí. Àwọn aránṣọ ìlú náà lókìkí fún bí wọ́n ṣe ń rán apá kóòtù: wọ́n máa ń kó aṣọ jọ wẹ́wẹ́ níbi tí apá ti pàdé èjìká, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń rán ṣẹ́ẹ̀tì, láìki páàdì bọ̀ ọ́. Bàbá onísọ́ọ̀bù náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá àwọn ọmọ kò gbọ́ èdè Ítálì. Síbẹ̀ ó ti àtàǹpàkò bọ inú èjìká kóòtù kan tí kò tíì rán tán, ó ń fi ojú rírán rẹ̀ hàn wọ́n díẹ̀díẹ̀, àwọn náà ti bọ́ kóòtù ọrùn wọn, wọ́n yí i sóde, wọ́n ń tọ́ka sí tiwọn. Èmi ni mo wo aago. Ẹni tó bá dá jáde fúnra rẹ̀, ọkọ̀ kì í dúró dè é. Bí ó bá pẹ́, owó ara rẹ̀ ni yóò fi lé ọkọ̀ bá ní èbúté tó kàn. Wọ́n wọ kóòtù wọn padà, wọ́n bọ bàbá náà lọ́wọ́, wọn kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di àkókò oúnjẹ alẹ́. N kò dá wọn lẹ́bi. Èmi ti rí Naples tó, àwọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i.

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èrò ni wọn kò fẹ́. Ọkọ̀ tó ń jẹ́ Icon of the Seas, èyí tí wọ́n kàn ní Turku ní Finland, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná Miami ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ní àjà 20, ó lè gbé èrò bí 7,600, àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ sì ju 2,000 lọ. Ẹni tó fẹ́ràn òde àríyá yóò gbádùn irú èyí, ẹni tó ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Bí èrò bá sì pọ̀ tó báyìí, ìlú tí wọ́n bọ́ sí ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Wọ́n á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á rìn káàkiri, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì padà sínú ọkọ̀ lọ jẹ oúnjẹ tí wọ́n ti san owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀; kí ni olóúnjẹ ìlú yóò rí tà? Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni ìjọba Ítálì ti fòfin dè é pé àwọn ọkọ̀ ńláńlá kò gbọdọ̀ gba àárín Venice kọjá mọ́, inú ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ sì dùn. Ohun tó kan èmi jù ni ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí ló forúkọ sílẹ̀ ní Bahamas tàbí Panama, níbi tí òfin iṣẹ́ àti owó orí ti fúyẹ́, àwọn ọmọ Philippines, Íńdíà àti Indonesia ló sì pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n á máa ṣe é fún ọ̀pọ̀ oṣù láìní odindi ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tẹ́ ibùsùn wa lálaalẹ́ ní ọmọ kan tí kò tíì gbé rí. Ìsinmi tèmi wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń gbádùn rẹ̀.

Ti àìsàn, nọ́ọ̀sì ni ọ́, ìwọ ló yẹ kí o máa kọ́ mi. O rántí Diamond Princess ní Yokohama ní oṣù Kejì ọdún 2020: ènìyàn 3,711 ló wà nínú rẹ̀, àrùn Kòrónà sì mú èyí tó lé ní 700. Àìsàn èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tí kòkòrò àrùn norovirus ń fà náà fẹ́ràn ibi tí gbogbo ayé ti ń di ìgbákọ kan náà mú. Fọ ọwọ́ rẹ, kí o sì ra adójútòfò ìrìn-àjò, nítorí pé owó dókítà inú ọkọ̀ kò kéré.

Owó tí wọ́n kọ síta kọ́ ni ẹ ó san tán. Owó íntánẹ́ẹ̀tì wà lọ́tọ̀, wọ́n sábà máa ń ka owó ìdúpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́rùn lójoojúmọ́, ọtí náà sì wà lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kò ní gbà kí ọkọ wa nìkan san àsanpọ̀ owó ọtí: bí ẹ bá jọ wà ní yàrá kan, ìwọ tó jẹ́ pé omi lásán lò ń mu yóò san án pẹ̀lú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ra bíà wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà bá ṣì ni ọkọ wa ń lò, ẹ wo físà dáadáa. Ọkọ̀ tó bá jáde kúrò ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn ti Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, tó sì tún padà wọ ibẹ̀ ń béèrè físà tí a lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní ti ìwọ, Àbẹ̀kẹ́, lọ. Ẹni tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù lálẹ́, tí ẹ̀mí ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, yẹ kí ó sinmi níbi tí kò ti ní pinnu ohunkóhun. Ọkọ wa ni àyà mi ń já fún. Ìgbà tí ẹ wá sí Èkó kẹ́yìn, wọ́n jáde láàárọ̀ láti lọ gé irun, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó wọlé, pẹ̀lú ẹja àti ìtàn ìgbésí ayé onígbàjámọ̀ náà. Bí ẹ bá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí Barcelona àti Róòmù ní ìwọ̀nba wákàtí lójúmọ́, ẹ ti kó bá wọn. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ bá ọ lọ, ẹ yan ti Norway, nítorí pé níbẹ̀ orí omi gan-an ni ibi tí ènìyàn lọ wò, láàárín àwọn òkè gíga tó ga sókè láti inú òkun, ó sì rọrùn láti wò wọ́n láti orí àga. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mú àbúrò rẹ obìnrin dání, kí ọkọ wa máa bọ̀ ní Èkó lọ́dọ̀ bàbá àwọn ọmọ; àwọn méjèèjì yóò rí ara wọn bá sọ̀rọ̀ nípa Naples.

Bí ó bá jẹ́ pé ìhà Spéìn lẹ yàn, ẹ óò gba Bay of Biscay, òkun ẹ̀bá Faransé àti Spéìn, kọjá, omi ibẹ̀ sì le lásìkò òtútù. Ẹ gba yàrá tó wà láàárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mímì rẹ̀ kéré jù, kí ó sì ní fèrèsé. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀, fi nọ́ńbà yàrá náà ránṣẹ́ sí mi, kí n bá ọ wá a nínú àwòrán ọkọ̀, kí wọ́n má baà fi yín sí abẹ́ gbọ̀ngàn ijó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àṣàkẹ́.