Feinstein kì í ṣe Sẹ́nétọ̀ nìkan

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Táwọn èèyàn bá dárúkọ Dianne Feinstein, Sẹ́nétọ̀ California nìkan ni wọ́n ń rántí, ó sì máa ń dùn mí, torí ìgbà tó jẹ́ méyọ̀ San Francisco la ti mọ irú èèyàn tó jẹ́. Ní November 27, 1978 wọ́n yìnbọn pa Méyọ̀ George Moscone àti Harvey Milk tó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà nínú City Hall, ilé ìjọba ìlú, Feinstein tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ yẹn ló bá òkú Milk nílẹ̀, ó ní kóun wò ó bóyá ó ṣì ń mí, àfi bí ìka ẹ̀ ṣe wọnú ihò ọta, síbẹ̀ òun náà ló jáde lọ sọ fáwọn oníròyìn. Torí pé òun ni olórí ìgbìmọ̀, bó ṣe di méyọ̀ nìyẹn, obìnrin àkọ́kọ́ nílùú yẹn.

Ó du gómìnà ní 1990, kò wọlé. 1992 ló wọ Sẹ́nétì, ibẹ̀ ló wà títí tó fi kú ní 2023, lẹ́ni 90 ọdún.

Nígbà tó ń jà fún òfin tó de àwọn ìbọn ogun, Sẹ́nétọ̀ Larry Craig ní kó lọ kọ́ nípa ìbọn dáadáa, ni Feinstein bá sọ ohun tójú ẹ̀ rí lọ́jọ́ tí wọ́n pa Milk fún un. Òfin ọ̀hún wọlé ní 1994, wọ́n wá jẹ́ kó kú ní 2004, ìyẹn ò dáa rárá, ó yẹ kí wọ́n dá a padà.

Èmi, òǹkàwé yín.